Ẹ yé pe ìyá arúgbó tó ń ṣarán ní àjẹ́, ẹ mú un lọ fún àyẹ̀wò

Olóòtú,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n bá àwọn ará Ṣómólú àti Bàrígà sọ̀rọ̀, àti ẹnikẹ́ni tó bá ní ìyá tàbí bàbá àgbà nílé.

Ọ̀rọ̀ àwọn arúgbó wa tí iyè wọn ń rá ni. Bí ìyá àgbà bá tọ́jú owó tí kò rántí ibi tó fi sí, tó wá ń pe ìyàwó ọmọ rẹ̀ ní olè, ìjà dé nìyẹn. Bó bá jáde lóru tí kò mọ̀nà ilé mọ́, wọn a ní ẹyẹ ni, ó ń ti ìpàdé bọ̀. Mo fojú ara mi rí i lẹ́bàá ọjà kan ní Bàrígà. Ìdájí ni, ìró nìkan ni ìyá náà ró, àwọn ọmọkùnrin ti yí i ká, ọ̀kan ti gbé táyà dání. Ọmọ tí kò ju ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ ń bi í pé, "Níbo lo ti ń bọ̀?" Kò lè dáhùn. Torí pé kò lè dáhùn ni wọ́n ṣe fẹ́ pa á. Ọpẹ́lọpẹ́ ìyá oníbúrẹ́dì kan tó dá a mọ̀, tó figbe ta pé, "Ìyá tó ń dín àkàrà ládùúgbò wa nìyí o!"

Bẹ́ẹ̀, irú ìbéèrè yẹn gan-an ni dókítà fi ń ṣàyẹ̀wò. Ọjọ́ wo lòní? Ibo la wà yìí, màmá? Kí la ń fi òòlù ṣe? Wọn a dárúkọ nǹkan mélòó kan fún un, wọn a tún bi í lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ bóyá ó ṣì rántí wọn. Wọn a sì bi ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀: ṣé ó ṣì ń se ọbẹ̀ bó ṣe ń sè é tẹ́lẹ̀? Ṣé ó ṣì mọ owó kà?

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni. Láti 1992 ni olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn n'Ìbàdàn, pẹ̀lú àwọn dókítà Indianapolis l'Amẹ́ríkà, ti ń bi àwọn arúgbó Ìdíkàn tó ti pé 65 ọdún sókè ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ní èdè Yorùbá, lọ́nà tí ẹni tí kò ka ìwé rí fi lè dáhùn. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 ni pé nínú 100 arúgbó Ìdíkàn, àrùn yìí ń mú 1.35 lọ́dún, láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis, 3.24 ni. Àwọn kan ń fi èyí yangàn. Èmi ò rí ohun ìyangàn níbẹ̀. Ó kéré lọ́dọ̀ wa, àmọ́ ó wà.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé gbogbo ẹni tó ń ṣarán kọ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kọjá àtúnṣe. Bàbá àgbà lè yọ̀ ní balùwẹ̀ kó fi orí gbá ògiri, kó ní kò dùn òun. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ̀jẹ̀ tó ń sun díẹ̀díẹ̀ ti gbá jọ sáàárín agbárí àti ọpọlọ, ó wá ń tẹ ọpọlọ mọ́lẹ̀. Bàbá á máa sùn ṣáá, á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, á máa sọ̀rọ̀ tí kò lórí. Àwọn ará ilé a ní ogbó ti dé. Ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú orí ló máa fi ẹ̀jẹ̀ yẹn hàn. Dókítà a lu ihò kékeré, a fa á jáde, ọ̀pọ̀ ló sì ń padà bọ̀ sípò. Ti àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru tún yàtọ̀: ẹ̀jẹ̀ tó dì a máa dí àwọn òpó tín-ín-rín inú ọpọlọ lọ́kọ̀ọ̀kan, iyè a sì máa já wálẹ̀ bí ẹni ń sọ àtẹ̀gùn. Àìtó fítámì B12 ń fà á, oògùn oorun ń fà á, ìbànújẹ́ opó pàápàá lè jọ ọ́. Ta ló fẹ́ mọ̀yàtọ̀ bí kò bá sí àyẹ̀wò? Èyí tí kò tiẹ̀ ní ìwòsàn, bí Alzheimer, ó dáa ká mọ̀ ọ́n, ká lè rán àdírẹ́sì ilé mọ́ aṣọ ìyá, kí ẹnìkan sì máa ṣọ́ ọ lóru.

Mo mọ̀ pé ojú ń tì wá. Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Yábà tó súnmọ́ wa tímọ́tímọ́, ṣùgbọ́n a ti sọ Yábà di èébú, kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n rí ìyá òun lẹ́nu géètì ibẹ̀.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan fún Alzheimer. Kí ìyẹn tó dé Bàrígà, ẹnu la ó ṣì máa fi ṣe tiwa. Àwòrán orí wọ́n, kì í ṣe gbogbo èèyàn ló nílò rẹ̀; ìbéèrè ló máa sọ ẹni tó yẹ kó lọ. Nítorí náà, mo bẹ alága ìjọba ìbílẹ̀ Ṣómólú àti ti Bàrígà: níbi tí àwọn nọ́ọ̀sì yín bá ti ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún àwọn àgbà, ẹ jẹ́ kí wọ́n bi wọ́n ní ìbéèrè wọ̀nyí pẹ̀lú. Ìwé ojú kan ṣoṣo ni. Bó bá jẹ́ owó ìwé lẹ máa fi ṣàwáwí, àwa la ń tẹ pósítà ìbò yín ní Ṣómólú, ẹ mọ ṣọ́ọ̀bù wa.

Èmi ni tiyín,
Atẹ̀wé kan,
Ṣómólú, Èkó.