Olú Lórí Pàǹtí

Ẹ̀yin oní-sọ́ọ̀mílì Abigi, ẹ yéé dáná sun lẹ́búlẹ́bú pákó. Oúnjẹ olú ni. Ní Jámánì, ebi Ogun Àgbáyé Kìíní ló sún wọn dédìí gbígbin irú olú tó ń hù lára igi kíkú yìí. Lẹ́búlẹ́bú nìkan kò lọ́ràá tó, ẹ po èèrí ológì mọ́ ọn. Ṣùkù àgbàdo tí a rún náà dára. Ọ̀lẹ ló ń fo sísè: bí ooru inú dúrọ́ọ̀mù kò bá jẹ ẹ́ fún wákàtí díẹ̀, èbu aláwọ̀ ewé á ṣáájú olú jẹun (ojú tèmi ti rí i). Bí ohun tí ẹ sè bá tutù, ẹ dì í sínú ọ̀rá pẹ̀lú irúgbìn olú. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ 4, inú ọ̀rá á funfun báláú bí òwú; ẹ la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ wọ́nmi sí i, orí olú á yọ bí orí ìṣó.