Kí A Tó Kó Lẹ́jà Wa Sínú Kọ̀ǹpútà



Àwọn kan ń sọ pé kí akọ̀wé kó gbogbo lẹ́jà wa sínú kọ̀ǹpútà kíá. N kò kọ kọ̀ǹpútà. Ìkánjú ni mo kọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Microsoft Access ni, ọ̀rọ̀ orúkọ ló sì kọ́kọ́ kọ́ mi lọ́gbọ́n.

Láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Àgọ́-Ìwòyè, títí dé Abígi, orúkọ ọmọ la fi ń pe ìyá. Èmi mọ̀ pé Ìyá Bọ́lá náà ni Alhaja Ṣadé. Kọ̀ǹpútà kò mojú ẹnikẹ́ni. Ẹni méjì ló máa kà wọ́n sí. Bí Alhaja bá wá yáwó, a óò ní ohun tó fi pamọ́ kò tó. Ẹ̀bi ta ni?

Nítorí náà, kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ gba nọ́ńbà tirẹ̀, tí a kò ní fún ẹlòmíràn láé. Kí orúkọ wà nínú tábìlì kan, kí owó tí à ń san wà nínú òmíràn, kí nọ́ńbà so méjèèjì pọ̀. E. F. Codd ti IBM ló la ọ̀nà yìí ní 1970.

Kí lẹ́jà má sì kúrò nílẹ̀ títí òun àti kọ̀ǹpútà yóò fi bára mu fún odindi ọdún kan. Iná ń lọ, ẹ̀rọ ń bàjẹ́. Kí ẹlòmíràn sì bá mi kọ́ iṣẹ́ náà. Akọ̀wé lè ṣàìsàn.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí oníkálukú mú ìwé ìfowópamọ́ rẹ̀ wá, kó sọ orúkọ tó fẹ́ kí a kọ. Owó yín ni o.