Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ẹ Má Gba Bọ́ọ̀lù Lọ́wọ́ Wa Nítorí Ìwé

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n bí ọmọbìnrin bá ti dé SS2 ní Ìlọrin níbí, ọ̀nà kan ṣoṣo ni àwọn àgbà kan náà ń fi hàn án: ìwé, lẹ́sìn, WAEC àti JAMB. Bí ó bá dárúkọ bọ́ọ̀lù, wọn á bi í pé, "Ṣé bọ́ọ̀lù ni yóò gbé ọ dé yunifásítì?" Adéwọlé ni mò ń gbé, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí, mo sì ń gbá fọ́líbọ́ọ̀lù fún ilé-ẹ̀kọ́ mi. Ìdáhùn mi ni pé bẹ́ẹ̀ ni, bọ́ọ̀lù lè gbé ènìyàn dé yunifásítì, ó sì ti gbé ẹni tí orúkọ rẹ̀ jọ tiwa débẹ̀. Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ wa, kò tọ́ kí ẹ máa gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ wa nítorí ìwé.

Lọ́nà kìn-ín-ní, fọ́líbọ́ọ̀lù kì í ṣe eré aláìnírònú. Sẹ́tà ni wọ́n ń pe ipò tí mo ń gbá. Ẹni mẹ́fà ló ń dúró sí apá kọ̀ọ̀kan nẹ́ẹ̀tì. Bí bọ́ọ̀lù bá wọ apá tiwa, ìgbà mẹ́ta péré ni a lè fọwọ́ kàn án kí a tó dá a padà. Ẹni àkọ́kọ́ á gbà á, ẹni kejì á gbé e sókè, ẹni kẹta á gbá a mọ́lẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn alátakò. Ẹni kejì yẹn ni sẹ́tà. Kò gbọ́dọ̀ di bọ́ọ̀lù mú rárá. Kí bọ́ọ̀lù tó dé ọwọ́ rẹ̀, ó ti gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ń ṣe dáadáa lónìí, ẹni tó ti rẹ̀, ibi tí àwọn alátakò ti kúrú níwájú nẹ́ẹ̀tì, àti ibi tí wọ́n rò pé yóò gbé e sí, kí ó lè gbé e gba ibòmíràn. Ẹni tó bá sọ pé iṣẹ́ ọpọlọ kọ́ nìyẹn, kí ó wá dúró síbẹ̀ wò.

Lọ́nà kejì, ẹ wo ibi tí iṣẹ́ yìí gbé ọmọbìnrin kan dé. Ọdún 1997 ni wọ́n bí Jordyn Poulter ní Amẹ́ríkà. Láti 2015 títí dé 2018 ló fi jẹ́ sẹ́tà fún Yunifásítì Illinois, nígbà tó ń kàwé níbẹ̀. Ní ọdún tó lò kẹ́yìn, ẹgbẹ́ wọn wà lára mẹ́rin tó kù nínú ìdíje gbogbo yunifásítì ilẹ̀ náà. Ní 2021, ní ìdíje Òlíḿpíìkì ìlú Tokyo, àwọn obìnrin Amẹ́ríkà na Brazil ní 3-0, wọ́n sì gba wúrà fọ́líbọ́ọ̀lù inú gbọ̀ngàn fún ìgbà àkọ́kọ́. Poulter ni wọ́n yàn ní sẹ́tà tó dára jù lọ. Ní oṣù Kejìlá 2022, ó fi orúnkún ṣèṣe ní Ítálì, ṣùgbọ́n ó padà sórí pápá, ó sì gba fàdákà ní Paris ní 2024.

Kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ Poulter? Ọ̀kan lára àwọn tó ń gbé bọ́ọ̀lù fún ní Tokyo ni Fólúkẹ́ Akinradewo, ẹni tó ti ń jẹ́ Gunderson lẹ́yìn ìgbéyàwó. Ọmọ Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀. Kánádà ni wọ́n bí i sí ní 1987, ó sì dàgbà ní Florida. Ní 2005, ó wọ Yunifásítì Stanford, ọ̀kan lára àwọn tó le jù láti wọ̀ ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ẹgbẹ́ wọn dé àṣekágbá lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, ní 2006, 2007 àti 2008, wọn kò sì borí níkankan. Síbẹ̀, Fólúkẹ́ gba fàdákà Òlíḿpíìkì ní 2012, idẹ ní 2016, àti wúrà yẹn ní 2021. Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà, Kánádà tàbí Amẹ́ríkà. Amẹ́ríkà ló yàn. Ǹjẹ́ a lè bá a wí, nígbà tí a kò tíì ṣètò ilé tiwa?

Ètò ló gbé wọn débẹ̀, kì í ṣe oríire lásán. Ní 1972, Amẹ́ríkà ṣe òfin pé ilé-ẹ̀kọ́ tó bá ń gba owó ìjọba àpapọ̀ kò gbọ́dọ̀ torí pé ènìyàn jẹ́ obìnrin yọ ọ́ kúrò nínú ohunkóhun, títí kan eré ìdárayá. Nígbà tí àwọn méjèèjì wà ní yunifásítì, ilé-ẹ̀kọ́ ńlá lè fún obìnrin méjìlá ní sikọláṣíìpù kíkún nítorí fọ́líbọ́ọ̀lù nìkan. Ṣùgbọ́n ẹni tí máàkì rẹ̀ bá já wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ kò ní gbá bọ́ọ̀lù. Lọ́dọ̀ wọn, bọ́ọ̀lù ló ń mú ọmọ dúró ti ìwé.

Lọ́dọ̀ wa ńkọ́? Àkókò eré ìdárayá wà lórí taimutébù, ṣùgbọ́n Maths ló ń jẹ ẹ́. Mo mọ ilé-ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ti yọ orúkọ gbogbo ọmọbìnrin SS3 kúrò nínú ẹgbẹ́, tí wọ́n sì fi ti àwọn ọmọkùnrin sílẹ̀. Ṣé àwọn ọmọkùnrin kì í ṣe WAEC ni? Wákàtí tí ẹ gbà lọ́wọ́ wa yẹn, ìwé kọ́ ni ọ̀pọ̀ fi ń kà. Fóònù ni wọ́n fi ń tẹ̀.

Àwọn kan á ní ẹ̀sìn kò gbà á. Èmi náà ń lo ìborí. Doaa Elghobashy, ọmọ Íjíbítì, fi ìborí gbá fọ́líbọ́ọ̀lù orí iyanrìn ní Òlíḿpíìkì ìlú Rio ní 2016, ó sì tún padà wá ní Paris. Àwọn mìíràn á ní ènìyàn mélòó ló lè dé Stanford? Òótọ́ ni, wọn kò pọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tó kọ́ Físíìsì ló ń di ẹnjiníà, ẹ kò sì torí ìyẹn yọ Físíìsì kúrò. Ẹni tó bá sì ń bẹ̀rù ìfarapa, kí ó rántí pé ìwé ló ń gba ènìyàn lọ́jọ́ tí orúnkún bá kọ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ méjèèjì.

Ohun mẹ́ta ni mo ń bèèrè. Kí ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́ kí àkókò eré ìdárayá dúró bó ṣe wà lórí taimutébù. Kí wọ́n fi àwọn ọmọbìnrin SS3 sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ títí ìdánwò yóò fi kù sí dẹ̀dẹ̀. Kí àwọn yunifásítì ìpínlẹ̀ Kwara sì ya àyè díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù gbá, tó sì yege ìdánwò rẹ̀.

Ipò àárín ni Fólúkẹ́ gbá. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ sábà máa ń fò sókè kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ sẹ́tà, nítorí ó gbà pé bọ́ọ̀lù yóò bá òun lókè. Àwa ọmọ ti fò. Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, ọwọ́ yín ni bọ́ọ̀lù wà.