Ẹyẹ Tí Ń Tẹ̀lé Ìjàlọ

Ọ̀pọ̀ ọmọdé gbà pé ẹni tí ó fi kànnàkànnà pa ẹyẹ ni ó mọ ẹyẹ. Irọ́ ni. Nínú igbó kìjikìji bí igbó Ọmọ̀, ní ìlà-oòrùn Ìjẹ̀bú-Igbó àti Agọ̀-Ìwòyè, tí ìjọba yà sọ́tọ̀ ní 1925, ẹyẹ méjì wà tí wọ́n jọra: ẹ̀yìn wọn ṣú, àyà wọn pọ́n, etí ìrù wọn funfun. Ìwà ni ó yà wọ́n. Ọ̀kan a máa tẹ̀lé ìjàlọ nílẹ̀, a máa ṣa kòkòrò tí ń sá fún wọn jẹ. Èkejì a jókòó jẹ́ẹ́ lórí ẹ̀ka, a fò yọ lójijì, a sì mú kòkòrò nínú afẹ́fẹ́. Ta ni yóò rí èyí lára òkú ẹyẹ? Bí àgbẹ̀ bá sì gé igbó náà tán nítorí kòkó, àwọn méjèèjì kò ní bá aparò gbé oko.