Láti Ilé Ẹ̀kọ́ dé Ẹ̀gbẹ́ Ibùsùn Aláìsàn

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1952, àrùn rọpárọsẹ̀ jà ní ìlú Copenhagen ní orílẹ̀-èdè Denmark débi pé ilé ìwòsàn Blegdam fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ ohun tí yóò ṣe mọ́. Kì í ṣe apá àti ẹsẹ̀ nìkan ni àrùn náà ń mú; ó ń mú iṣan tí ènìyàn fi ń mí pẹ̀lú. Nínú àwọn aláìsàn 31 àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ẹ̀rọ ràn lọ́wọ́ láti mí, 27 ni wọ́n kú. Dókítà Bjørn Ibsen, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ fífi oògùn kun àwọn tí a fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ní oorun, ni ó dá àbá pé kí wọ́n lu ihò sí ọ̀fun aláìsàn, kí wọ́n ki ọ̀pá bọ̀ ọ́, kí ènìyàn sì máa fi ọwọ́ tẹ àpò rọ́bà tí yóò máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ọwọ́ ta ni yóò máa tẹ̀ ẹ́ tọ̀sán tòru? Ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni. Nǹkan bí 1,500 akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìṣègùn àti ti eyín ni wọ́n pè wá sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, tí wọ́n sì fi ọwọ́ bá àwọn aláìsàn mí fún nǹkan bí wákàtí 165,000. Ikú tí ó ti ń mú bí ẹni mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá já wálẹ̀, nígbà tí yóò fi parí, sí nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin.

Ohun ìyìn ni ohun tí àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyẹn ṣe. Ṣùgbọ́n apá kan ìtàn náà wà tí a kì í sábà rántí: àwọn aláìsàn kan kú sí wọn lọ́wọ́ níbi tí wọ́n jókòó sí, lẹ́yìn ìkọ́ni ránpẹ́. Àjàkálẹ̀ àrùn ni ó fa ìyẹn, kò sì sí ẹni tí yóò dá ilé ìwòsàn náà lẹ́bi. Èyí tí a fẹ́ béèrè lónìí ni pé, níbi tí kò sí àjàkálẹ̀, kí ni àwáwí àwọn tí ń ti ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ sí wọ́ọ̀dù bí ẹni ń ju ọmọ tí kò mọ òdò wẹ̀ sínú odò?

Iṣẹ́ ìtọ́jú èémí, tí wọ́n ń pè ní respiratory therapy ní Amẹ́ríkà, ti di iṣẹ́ tí ó dá dúró lọ́hùn-ún. Ọdún méjì ó kéré tán ni wọ́n ń kọ́ ọ, ìdánwò gbogbo-gbòò tẹ̀ lé e, lẹ́yìn èyí ni ìjọba ìpínlẹ̀ tó fún ni ní ìwé àṣẹ. Àwọn ọmọ wa wà nínú iṣẹ́ náà lọ́hùn-ún, àwọn mìíràn ṣì wà ní kíláàsì, nítorí náà ni ọ̀rọ̀ yìí ṣe kàn wá.

Nígbà tí ọmọ bẹ́ẹ̀ wà ní ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ń mú un lọ sí ilé ìwòsàn láti fi ojú rí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n aláìsàn kan tàbí méjì ni wọ́n ń fún un, olùkọ́ sì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ọjọ́ tí ó bá gba iṣẹ́, ohun gbogbo yí padà. Wákàtí méjìlá ni ó ń fi ṣiṣẹ́, lọ́pọ̀ ìgbà ní òru. Ó lè jẹ́ òun nìkan ni yóò máa gun òkè sọ̀ kalẹ̀ láàárín wọ́ọ̀dù mẹ́ta. Ẹni tí ásímà ń dà láàmú ń retí oògùn fífà símú, ọ̀dọ̀ àwọn tí jàǹbá ṣẹlẹ̀ sí ń pè é, agogo ẹ̀rọ tí ń bá ènìyàn mí sì ń dún ní iyàrá kejì. Ta ni kí ó kọ́kọ́ lọ bá? Kò sí ìwé tí ó kọ ìdáhùn ìyẹn sílẹ̀ fún òru ọjọ́ náà gan-an.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Ní ọdún 2000, ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé bí ẹ̀rọ bá ń bá ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ bàjẹ́ gidigidi mí, milílítà mẹ́fà afẹ́fẹ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan sàn ju méjìlá lọ. Ikú já láti bí 40 nínú ọgọ́rùn-ún sí 31. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ èyí. Ṣùgbọ́n kílò tí à ń wí yìí kì í ṣe èyí tí òṣùwọ̀n kà. Gíga ènìyàn ni a fi ń ṣírò rẹ̀, nítorí pé bí a bá sanra, ẹ̀dọ̀fóró kì í bá wa sanra. Obìnrin tí ó wọn kílò 110, tí gíga rẹ̀ sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 160, kílò 52 péré ni a ó kà fún un. Ẹni tí ó bá fi 110 ṣírò yóò fẹ́ ohun tí ó ju ìlọ́po méjì lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró tí ó ti ń ṣàìsàn. Nínú ìdánwò, gíga ti wà nínú ìbéèrè. Ní wọ́ọ̀dù, aláìsàn ti dákú, ẹnikẹ́ni kò sì kọ gíga rẹ̀ sílẹ̀. Àgbà iṣẹ́ ni yóò sọ fún ọmọ náà pé, “Mú téèpù, wọ̀n ọ́n láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ lórí ibùsùn.”

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti agogo. Ọmọ tuntun a máa sáré bá ojú ẹ̀rọ láti kà á. Àgbà a wo àyà aláìsàn: ǹjẹ́ ó ń gbé sókè? Ǹjẹ́ ètè rẹ̀ ń dúdú? Bí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò bá yé e, yóò yọ aláìsàn kúrò lára ẹ̀rọ, yóò sì fi ọwọ́ tẹ àpò fún un títí ìdí rẹ̀ yóò fi yé e. (Gbogbo ẹ̀rọ olówó iyebíye wọ̀nyí kò tíì mú kí àpò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Copenhagen ń tẹ̀ di ohun àpatì.) Nínú wíwò ni a ti ń kọ́ irú ìmọ̀ yìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n.

Àwọn baba wa kò ṣàìmọ èyí. Ọmọ tí ó ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀ tàbí ti mẹkáníìkì, ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni ó ń gbé iṣẹ́ mọ́ra kí ó tó gba fírídọ́ọ̀mù, ọ̀pọ̀ nínú wọn a sì tún dúró fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ìwé ẹ̀rí ni aṣọ yẹn. Kí ilé ìwòsàn tí ó gba ọmọ tuntun fi ẹnì kan pàtó tì í, ẹni tí ó fẹ́ràn ìkọ́ni, tí a sì dín iṣẹ́ tirẹ̀ kù kí ó lè ráyè kọ́ ọ. Kí wọ́n má ṣe ka ọmọ náà mọ́ iye òṣìṣẹ́ tí ó pé lóru láti ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní. A mọ̀ pé òṣìṣẹ́ kò tó níbi púpọ̀, a sì mọ̀ pé ìkọ́ni ń náni lówó. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a kò kọ́, tí ìbẹ̀rù lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kí ọdún tó yí po, kí ni ó fi kún iye òṣìṣẹ́?

Àwọn àgbà iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń wí pé, “Báyìí ni wọ́n ṣe fi ojú tiwa náà gbolẹ̀.” A kò rí ọgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí a bú nítorí pé ó béèrè ọ̀rọ̀ ní àná kò ní béèrè ní òní, aláìsàn ni yóò sì san gbèsè náà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa pàápàá, ọ̀rọ̀ wà fún yín. A tọ́ yín pé kí ẹ má ṣe já àgbà ní koro, ẹ̀kọ́ rere sì ni. Ṣùgbọ́n a rí i pé ẹ̀kọ́ yìí ń di àwọn kan lẹ́nu nígbà tí dókítà bá pa àṣẹ tí kò yé wọn. Ọ̀wọ̀ kò ní kí ẹ dákẹ́. Ẹ lè wí pé, “Ẹ jọ̀wọ́, dókítà, kílò mélòó ni ẹ fi ṣírò rẹ̀?” Kò sí àfojúdi nínú èyí. Ẹ kọ́ láti sọ pé, “N kò tíì ṣe èyí rí, ẹ jẹ́ kí a jọ ṣe é.” Ó nira fún ẹni tí gbogbo ẹbí ti bá yọ̀, tí àwọn òbí nílé ti ń pè ní dókítà lórí tẹlifóònù bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ mìíràn ni ó kọ́. Kí àwọn òbí náà rọra. Kí wọ́n má ṣe fi owó oṣù kìn-ín-ní di ẹrù lé e lórí ní àkókò tí kò tíì rí oorun sùn.

Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa ní Nàìjíríà, àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn dókítà ni wọ́n pín iṣẹ́ yìí mọ́ra. Ìjọba àpapọ̀ ti gbé ètò kalẹ̀ lórí ọ́síjìn ní ọdún 2017. Ẹ̀rọ kékeré tí a ń fi há ìka, tí ń sọ ìwọ̀n ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀, kò ṣòro láti lò. Nọ́ńbà tí kò bá tó 90 lára ọmọdé ti ń béèrè fún ọ́síjìn. Síbẹ̀, bí nọ́ọ̀sì tuntun kò bá rí ẹni tí yóò fi hàn án pé ìka tútù tàbí ọmọ tí ń jà lè mú ẹ̀rọ náà purọ́, yóò fi í sínú àpótí, yóò sì padà sí ojú lásán.

Ní ti àwọn ará wa tí wọ́n ti pẹ́ nínú iṣẹ́ yìí lọ́hùn-ún, a kò béèrè owó lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá gbọ́ pé ọmọ kan ní ìlú yín ṣẹ̀ṣẹ̀ yege ìdánwò, ẹ wá a lọ. Ẹ bi í léèrè ẹni tí wọ́n fi tì í níbi iṣẹ́ àti iye ọ̀sẹ̀ tí wọn yóò fi wà pọ̀, kí ó tó fọwọ́ sí ìwé ìgbaniṣíṣẹ́. Ẹ fún un ní nọ́ńbà tẹlifóònù yín, kí ẹ sì gbé e bí ó bá dún ní àárọ̀ kùtù lẹ́yìn òru tí aláìsàn kú sí i lọ́wọ́.