Bọ́ọ̀lù Ikpeba àti Ẹrù Tí A Dì Lé Ẹnìkan Lórí

Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ rẹfirí rí lórí pápá. Bí ó bá ti sọ ọ́, ó tọ̀nà ni o, kò tọ̀nà ni o, ọ̀rọ̀ náà ti di ìtàn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè, ní ìlú Èkó, ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 2000 ni mo fẹ́ fi ṣe àgbéyẹ̀wò, nítorí mo gbà pé a kò tíì ka ìtàn náà dáadáa.

Nàìjíríà àti Gánà ló jọ gbàlejò ìdíje ife ẹ̀yẹ Áfíríkà lọ́dún náà. Àwa àti Kamẹrúùnù la pàdé ní àṣekágbá. Orí pápá yìí kan náà ni Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ti gbá bọ́ọ̀lù méjì wọlé ní 1980, tí Múdà Lawal fi ẹyọ kan lé e, tí a fi na Àlgéríà ní 3–0. Abájọ tí ìrètí àwọn èrò fi ga. Ṣùgbọ́n nígbà tí eré fi máa pé ìṣẹ́jú 31, Samuel Eto'o àti Patrick Mboma ti gbá méjì wọ ilé wa. Raphael Chukwu dá ọ̀kan padà kí wọ́n tó lọ sinmi. Bí wọ́n ṣe padà dé, Jay-Jay Okocha fi òmíràn ránṣẹ́ láti òkèèrè. Ó di 2–2, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí àfikún àkókò fi parí. Ó wá ku pẹnáritì.

Nígbà tó kan Victor Ikpeba, bọ́ọ̀lù rẹ̀ lu ọ̀pá òkè, ó balẹ̀, ó sì ta padà síta. Ọ̀pọ̀ ẹni tó wo àwòrán rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n gbà pé ó ti ré ìlà kọjá. Rẹfirí, ọmọ Tùnísíà, ní kò wọlé. Rigobert Song wá gbá ti Kamẹrúùnù tó kẹ́yìn wọlé, ó di 4–3, ife sì bá àlejò lọ.

Irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ ti balẹ̀ rí. Ní Wembley ní 1966, nígbà tí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì ń du ife àgbáyé, ti Geoff Hurst lu ọ̀pá òkè, ó balẹ̀, ó ta padà. Rẹfirí bi olùrànlọ́wọ́ rẹ̀, Tofiq Bahramov, ọmọ Azerbaijan. Ìyẹn ní ó wọlé. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ife pẹ̀lú 4–2. Lónìí, orúkọ Bahramov ni pápá ìṣeré ńlá kan ń jẹ́ ní ìlú Baku, síbẹ̀ àríyànjiyàn náà kò tíì tán.

Èmi kò sọ pé a kò rẹ́ wa jẹ o. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Bí wọ́n bá ka ti Ikpeba, 4–4 ni ì bá jẹ́. Ife kò tíì di tiwa. Nwankwo Kanu náà kò rí tirẹ̀ gbá wọlé lọ́jọ́ náà. Ta ló ń dárúkọ rẹ̀? Ta ló ń bi àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn wa léèrè góòlù méjì tó wọlé láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún? Kamẹrúùnù pàápàá kò dúró síbẹ̀: wọ́n gba wúrà Òlíḿpíìkì ní Sydney lọ́dún 2000 kan náà, wọ́n tún gba ife Áfíríkà ní 2002. Ẹgbẹ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ tí rẹfirí kàn gbé ife fún lásán. Àwa kò tún fojú kan ife ọ̀hún títí di 2013.

Lóòótọ́, ìṣẹ́jú kan lè yí èsì ìdíje padà. Ṣùgbọ́n àwa tí à ń ròyìn la ń yan ìṣẹ́jú tí yóò dúró fún gbogbo rẹ̀. Nínú ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀, a máa ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé òtéńté ìtàn kì í dá dúró. Ohun tó ṣáájú ló gbé e débẹ̀. Ẹni tó ka ojú ìwé yẹn nìkan kò tíì ka ìwé. A yan bọ́ọ̀lù Ikpeba nítorí pé ó rọ̀ wá lọ́rùn: ó fún wa ní rẹfirí tí a ó bú, ó tún fún wa ní agbábọ́ọ̀lù kan tí a ó dì í lé lórí, ẹ̀bi kò sì kan ẹnikẹ́ni mọ́. Ikpeba yìí ni agbábọ́ọ̀lù Áfíríkà tó pegedé jù lọ ní 1997. Ó sì wà nínú ikọ̀ tó gba wúrà ní Atlanta ní 1996. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ lónìí, ọ̀pá òkè nìkan ni wọ́n gbọ́ mọ́ ọn.

Ọdún 2012 ni àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù tó fọwọ́ sí ẹ̀rọ tó ń sọ bóyá bọ́ọ̀lù ré ìlà kọjá, wọ́n sì lò ó ní ife àgbáyé 2014. Aṣọ kò bá Ọmọ́yẹ mọ́. Ẹ̀rọ náà lè sọ ibi tí bọ́ọ̀lù balẹ̀ sí. Kò lè sọ ohun tí a ó máa rántí. Iṣẹ́ tiwa nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín bá ń kọ àròkọ lórí ìdíje tí wọ́n fojú rí, ẹ bi wọ́n pé kí ló ṣẹlẹ̀ kó tó di ìṣẹ́jú tí wọ́n ń pariwo rẹ̀. Agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tó gbọ́ ti ìṣẹ́jú kan, tó fi dájọ́ ìṣẹ́jú 120, kò sàn jù ú lọ.