Ẹni tó ń dúnàádúrà aṣọ l'ọ́jà Douala, kí ló dé tó ń dákẹ́ nílé-iṣẹ́ ọlọ́kọ̀?

Ẹni tó bá wọ Marché Central, ọjà ńlá tó wà ní agbègbè New Bell nílùú Douala, lórílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, yóò tètè mọ̀ pé iye tí ọlọ́jà kọ́kọ́ pe ọjà rẹ̀ kọ́ ni iye tó fẹ́ gbà. Bí ó bá pe aṣọ ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá owó sefa, oníbàárà yóò rẹ́rìn-ín, yóò fi ọwọ́ pa aṣọ náà wò, yóò yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, yóò béèrè bóyá àwọ̀ rẹ̀ kì í ṣí, lẹ́yìn náà ni yóò dá iye tirẹ̀ lé e. Ọlọ́jà kò ní bínú, nítorí ohun tó ń retí náà nìyẹn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é l'Ọ́jà Ọba n'Íbàdàn nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni ní Balógun l'Ékòó. Ọmọ Yorùbá tó bá dé Douala kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó yani lẹ́nu. Oníṣòwò kan náà tó fi odidi wákàtí kan dúnàádúrà lórí aṣọ yóò wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí ilé-iṣẹ́ tó tà á fún un, wọn yóò fi í jókòó sí yàrá tó tutù nini, wọn yóò fún un lómi mu, nígbà tó bá sì di ìrọ̀lẹ́, wọn yóò na bébà kan sí i. Wọ́n ti kọ 'àyẹ̀wò gbogbogbòò', 'ìtọ́jú ọdọọdún' àti 'owó iṣẹ́' sórí rẹ̀, wọ́n sì ti to owó sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò ní béèrè ohunkóhun. Yóò kàn ka owó sílẹ̀ ni, nítorí ó gbà pé ẹni tó wọ aṣọ iṣẹ́ tó mọ́ tónítóní gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń ṣe. Ó ti gbàgbé ọgbọ́n ọjà sí ẹnu géètì.

Bí ọ̀rọ̀ yìí bá jẹ́ ti ọkọ̀ tó ń mu bẹntiróòlù, ó ṣì ṣeé fara mọ́ díẹ̀, nítorí ẹ̀yà ara tó ń fara gbo ara wọn nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò lóǹkà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń fi iná mànàmáná rìn ti ń wọ ilẹ̀ Áfíríkà díẹ̀díẹ̀. L'Ékòó, ọdún 2020 ni wọ́n gbé Hyundai Kona oníná jáde, èyí tí wọ́n sọ pé ó lè rin kìlómítà 482 kí iná inú rẹ̀ tó tán. Irú ọkọ̀ yìí kò ní ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n máa dà nù. Kò ní pílọ́ọ̀gì, kò ní ásẹ́ epo, kò sì ní sàléńsà tó máa jẹrà. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n fi ń gba owó sáfíìsì lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ láti ọjọ́ yìí ni kò sí níbẹ̀ mọ́. Kí ni wọ́n wá ń gba owó gọbọi fún?

Ìdáhùn wà nínú ìwé kékeré tó bá ọkọ̀ wá láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, èyí tí ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ kì í ṣí. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ ohun tó yẹ kí wọ́n tọ́jú sí, àti ìgbà tó yẹ kí wọ́n tọ́jú rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni táyà, nítorí bátìrì ńlá tó wà lábẹ́ ọkọ̀ wúwo, ìwúwo náà sì máa ń jẹ táyà. Ìkejì ni ásẹ́ tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ tó ń wọ inú ọkọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ọlọ́kọ̀ fúnra rẹ̀ lè pààrọ̀ rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìkẹta ni omi bíréèkì, tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ní kí wọ́n máa pààrọ̀ ní nǹkan bí ọdún méjì méjì, nítorí ó máa ń fa ọ̀rinrin láti inú afẹ́fẹ́. Ní Douala, níbi tí òjò tó ń rọ̀ lọ́dún kan ti ju 3,000 mìlímítà lọ, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àfiṣeré.

Bíréèkì gan-an máa ń pẹ́, nítorí nígbà tí awakọ̀ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ìtẹ̀sẹ̀, mọ́tò iná náà ló ń dín eré ọkọ̀ kù, tó sì ń dá iná padà sínú bátìrì. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé irin bíréèkì tí wọn kì í sábà lò lè dípẹtà. Kí awakọ̀ máa tẹ̀ ẹ́ dáadáa lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, níbi tí kò ti sí ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mẹkáníìkì àdúgbò tó mọṣẹ́, tó sì ní irinṣẹ́ tó yẹ, lè bójú tó táyà àti omi bíréèkì láìsí wàhálà.

Bátìrì kékeré kan tún wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọ̀nyí, ti fóòtì 12, irú èyí tó wà nínú ọkọ̀ bẹntiróòlù. Òun ló ń jí kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ lójú oorun. Bí ó bá kú, ọkọ̀ lè má tàn rárá, bí bátìrì ńlá tilẹ̀ kún fọ́fọ́. Ọlọ́kọ̀ tí kò mọ èyí yóò rò pé bátìrì ńlá ló bàjẹ́, àyà rẹ̀ yóò já, iyekíye tí wọ́n bá sì pè fún un lọ́jọ́ náà ni yóò san. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi mítà wọn bátìrì kékeré yẹn. Bí òun ló kú, kí wọ́n ra irú rẹ̀ gan-an, kì í ṣe èyí tó kàn jọ ọ́.

Bátìrì ńlá náà ṣeé yẹ̀ wò. Àwọn Nissan Leaf tó ti pẹ́, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní ìparí ọdún 2010, ní ìlà kéékèèké 12 lójú dáṣíbọ́ọ̀dù tó ń fi bí agbára bátìrì ṣe kù tó hàn. Ooru máa ń tètè dín ìlà wọ̀nyí kù, nítorí bátìrì àwọn Leaf tó ti pẹ́ wọ̀nyí kò ní omi tó ń mú un tutù. Ẹ̀rọ kékeré kan sì wà tí wọ́n ń kì bọ ihò àyẹ̀wò tó wà nísàlẹ̀ sítíárì, tí yóò gbé ìlera bátìrì náà jáde lójú fóònù. Ẹni tó ti mọ iye rẹ̀ kó tó kúrò nílé, ó ṣòro kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ bátìrì dẹ́rù bà á.

Ohun tó tún máa ń pa ọlọ́kọ̀ lẹ́nu mọ́ ni gbólóhùn pé, 'Bí ẹ bá gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ìwé ìdánilójú wa ti parí nìyẹn.' Ní Amẹ́ríkà, òfin Magnuson-Moss ti ọdún 1975 kò gbà kí wọ́n máa fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ de oníbàárà mọ́lẹ̀. Kamẹrúùnù ní òfin ààbò oníbàárà tirẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe ní ọjọ́ kẹfà, oṣù karùn-ún, ọdún 2011. Ní Nàìjíríà, òfin FCCPA tí ààrẹ fọwọ́ sí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019 ní kí ọlọ́jà sọ iye owó ọjà rẹ̀ síta, kó sì fún oníbàárà ní àkọsílẹ̀ ohun tó rà. Ṣùgbọ́n òfin kì í gbèjà ẹni tí kò mọ̀ pé ó wà.

Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta péré ló yẹ kí ọlọ́kọ̀ mú lọ. Èwo nínú iṣẹ́ wọ̀nyí ni ìwé ọkọ̀ ní kí wọ́n ṣe lọ́dún yìí? Èló ni ẹ̀yà ara ọkọ̀, èló sì ni owó iṣẹ́, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀? Níbo ni ògbólógbòó tí wọ́n yọ wà? Ilé-iṣẹ́ tí kò ní ohun tó ń fi pamọ́ yóò dáhùn wọn láìfa ojú ro. Kí ọlọ́kọ̀ sì tọ́jú gbogbo rìsíìtì, nítorí òun ni ẹ̀rí rẹ̀ bí àríyànjiyàn bá dé.

Síbẹ̀, ẹni tó ń sá fún owó gọbọi kò gbọdọ̀ sá wọnú iná. Wáyà tó ní àwọ̀ ọsàn lára ọkọ̀ wọ̀nyí ni ọ̀gbálẹ̀gbáràwé iná ń gbà kọjá, ọgọ́rọ̀ọ̀rún fóòtì, ó sì lè pa èèyàn lójú ẹsẹ̀. Kò sí ẹni tó yẹ kó fọwọ́ kàn án àfi ẹni tí wọ́n kọ́ ní iṣẹ́ náà. Ẹ̀rọ amúkọ̀tutù pàápàá ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Iná ńlá yìí kan náà ló sábà máa ń wà á, ọ́ìlì inú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ gbé iná. Bí ẹni tó ń rọ gáàsì lẹ́bàá títì bá fi ọ́ìlì ọkọ̀ bẹntiróòlù sí i, ó ti ba nǹkan olówó iyebíye jẹ́.

Àwọn ìgbà kan sì wà tó jẹ́ ilé-iṣẹ́ ọlọ́kọ̀ gan-an ló yẹ kí èèyàn lọ. Ní ọdún 2021, Hyundai pe nǹkan bí 82,000 ọkọ̀ oníná rẹ̀ padà káàkiri ayé, Kona sì pọ̀ nínú wọn, nítorí bátìrì wọn lè gbiná. Ọlọ́kọ̀ kò san kọ́bọ̀ fún àtúnṣe irú èyí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìdánilójú lórí bátìrì ńlá, tó sábà máa ń jẹ́ ọdún mẹ́jọ tàbí kìlómítà 160,000. Ẹni tó bá ra tòkunbọ̀ ní láti wádìí bóyá ìdánilójú náà bá ọkọ̀ kọjá òkun.

Kì í ṣe ìjà ni ẹni tó ń dúnàádúrà ní Marché Central ń bá ọlọ́jà jà. Ó fẹ́ mọ ohun tó ń rà ni, bí ó bá sì rí i pé ọjà dára, yóò san owó rẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Ọjà kan náà ni ilé-iṣẹ́ ọlọ́kọ̀, bí wọ́n tilẹ̀ tẹ́ táìlì sílẹ̀ níbẹ̀. Abéèrè kì í ṣìnà.